Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ ológeere, ibo gan-an lójú títì ni ẹ ń gbà?

Ajílété (Ògbómọ̀ṣọ́):
Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ni mo ti pa ọ̀kadà mi tì. Kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá mi ni mo fi ń gbé búrẹ́dì láti Sábó lọ sí Under-G. Òkè ò ṣòro fún mi, etí títì ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nítòsí Takie, takisí kan dúró já èrò. Mo ní kí n yọ́ gba àárín òun àti gọ́tà kọjá. Gbàà! Ìyá kan ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn lù mí. Èmi dọ̀bálẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni, búrẹ́dì mẹ́fà wọ gọ́tà. Ká tó wí ká tó fọ̀, ajá ti gbé ọ̀kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi tí wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́, ṣé ara tù yín?

ỌmọOkòLondon:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ara ò fi bẹ́ẹ̀ tù wá. Ọ̀dà lásán ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ níbí, ọ̀dà ò sì dá mọ́tò dúró. Òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó páàkì gan-an, ibi tí ilẹ̀kùn ń ṣí sí. Láti 2022 ni ìwé òfin ìrìnnà wọn ti ní kí èèyàn máa fi ọwọ́ tó jìnnà sí ilẹ̀kùn ṣí i, kí ọrùn lè yí wẹ̀yìn wò. Oníkẹ̀kẹ́ náà, kó fi bíi mítà kan sílẹ̀ láàárín òun àti mọ́tò. Nílé wa, ọwọ́ òsì ni ìyá yẹn ì bá fi ṣí i. (Ta ló máa sọ ìyẹn fún ìyá àgbà?)

Alátùnṣe kẹ̀kẹ́, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Ajílété ọmọ mi, takisí tó ń já èrò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o dúró sí. Má gba àárín òun àti gọ́tà mọ́ láé. Tírélà tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún ńkọ́? Bí o ò bá rí ojú dẹ́rẹ́bà nínú jígí rẹ̀, òun náà ò rí ọ.

Ajílété:
Mo dúpẹ́, bàbá. Àwọn ọlọ́kadà tó ń já bọ̀ lódìlódì wá ńkọ́?

Alátùnṣe kẹ̀kẹ́:
Ọmọ iṣẹ́ ni mí ní 1972 tí ìjọba ní ká kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Ó jọ pé àwọn yẹn ò tíì gbọ́. Tún bíréèkì rẹ ṣe, kí o sì máa lu aago.

ỌmọOkòLondon:
Ẹ̀gbọ́n, ìyá yẹn ha san owó búrẹ́dì?

Ajílété:
Ó san ti márùn-ún. Ó ní kí n lọ bi ajá léèrè ti ẹ̀kẹfà.