Ọ́ìlì fíltà tuntun: ṣé kí a rọ ọ́ìlì sí i kí a tó dè é, àbí kí a dè é ní gbígbẹ?

Àǹtí Tíṣà (Òṣogbo)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkúnbọ̀ ni mo rà á, ẹ́ńjìnì 1ZZ ló wà nínú rẹ̀. Ó di ọdún kẹrin tí mo ti ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì kan ṣoṣo. Bí bàbá náà bá fẹ́ pààrọ̀ fíltà, á rọ ọ́ìlì díẹ̀ sínú tuntun, á fi ìka pa ọ́ìlì yí rọ́bà ẹnu rẹ̀ ká, á wá fọwọ́ dè é. N kò bi í léèrè rí. Mo rò pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ti lọ ìrìn àjò, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló bá mi ṣe sáfíìsì. Ọmọ yẹn yọ fíltà nínú páálí, ó kàn dè é ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣé o ò ní rọ ọ́ìlì sí i ni?" Ó ní, "Mà, ìyẹn ti di ti àtijọ́." Mo dákẹ́. Nígbà tí mo wá sítáàtì mọ́tò, iná pupa ọ́ìlì yẹn ò kú bọ̀rọ̀. Mo ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, kó tó kú. Ẹ́ńjìnì sì ń dún kàkàkà, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi ṣíbí gbá àwo. Àyà mi já. Mọ́tò yìí ni mo fi ń lọ wo ìyá mi ní Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó ẹ́ńjìnì mìíràn ò sì sí lọ́wọ́ tíṣà.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn, ṣé ó ti ba nǹkan jẹ́? Ta ló sì tọ̀nà, ọ̀gá ni àbí ọmọ iṣẹ́?

Ọmọ Gate (Ìbàdàn)

Ọ̀gá ló tọ̀nà, Àǹtí. Èmi ń ta pááàtì mọ́tò ní Gate, mo sì ń bá àwọn oníbàárà dè é nígbà míì. Bí fíltà bá gbẹ, pọ́ǹpù á kọ́kọ́ kún un ná kí ọ́ìlì tó dé ara bẹ́ríìnì, irin tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnì ń yí lé lórí. Ní gbogbo àsìkò yẹn, irin ń ha irin. Tèmi, kíkún dé ẹnu ni mo máa ń rọ ọ́. Kí ọmọ yẹn padà lọ kọ́ṣẹ́.

Mẹ́kí Àgbà (Abẹ́òkúta)

Ọmọ Gate, rọra o. Ayé Peugeot 504 ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ́ńjìnì yín ò bàjẹ́. Bí a bá tú ọ́ìlì àtijọ́ dànù, kì í tán lára bẹ́ríìnì. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ irin bí epo ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò ọbẹ̀. Òun ló gbé e ró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn. Kìkì pé kí ẹ má ṣe tẹná nígbà tí iná pupa bá ṣì ń tàn. Ẹ jẹ́ kó máa rọra ṣiṣẹ́ lórí ara rẹ̀.

Ẹ wo ìwé tó bá irú mọ́tò yín wá. Bí a bá pààrọ̀ fíltà, 3.7 lítà ló ń gbà. Bí a ò bá pààrọ̀ fíltà, 3.5. Ẹ yọ ọ́ kúrò: 0.2 lítà, ife tíì kan péré. Gbogbo ohun tí à ń jà lé lórí nìyẹn, pọ́ǹpù á sì kún un kí ẹ tó de bẹ́líìtì yín tán.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ni ihò tí wọ́n ń rọ ọ́ sí. Ẹ dojú fíltà tuntun kọ ara yín. Ihò ńlá kan wà láàárín, ihò wẹ́wẹ́ yí i ká. Ihò wẹ́wẹ́ ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Á la inú ìwé asẹ́ kọjá, á bọ́ sí ihò àárín, ibẹ̀ ló ti ń lọ bá bẹ́ríìnì. Ọmọ Gate, ihò wo lò ń rọ ọ́ sí? Mo mọ̀, ti àárín, torí òun ló fẹ̀. Ọ́ìlì tí o rọ síbẹ̀ kò rí asẹ́ sójú rárá. Ohun yòówù tó bá wà nínú rẹ̀, tààrà ló ń lọ.

Kí ló lè wà nínú rẹ̀? Nígbà ọyẹ́ kan, ọmọ iṣẹ́ mi rọ ọ́ìlì sí fíltà tán, ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lọ wá àkísà. Kó tó dé, eruku ti bo ojú ọ́ìlì bí èlùbọ́. Ó fẹ́ fi ìka há a kúrò! Mo gba fíltà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù. Ká má tíì sọ ti orí ike omi tí a gé, tí a fi ń ṣe àrọ, tó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti àárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rọ ọ́, kó rọ ọ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, kó sì rọ ọ́ sí ihò wẹ́wẹ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó wọlé, nítorí rọ́bà kan wà lẹ́yìn ihò yẹn tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà bí ẹ́ńjìnì bá kú. Àǹtí, bí ẹ bá ń gbọ́ kàkàkà yẹn láràárọ̀, tí kì í ṣe ọjọ́ sáfíìsì nìkan, rọ́bà yẹn ni kí ẹ fura sí. Ti fíltà ayédèrú sábà máa ń le bí ike.

Onídíísù (Ìkejà)

Bàbá ti sọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ ńlá lèmi ń tún ṣe. Fíltà tiwa kì í ṣe ti ife tíì, ọ̀gá tó kọ́ mi sì máa ń rọ ọ́ kún bámúbámú. Ọjọ́ tí mo fúnra mi ka ìwé Caterpillar ni mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà pé kí a má rọ ọ́ìlì sí fíltà kí a tó dè é, torí pé ọ́ìlì yẹn kò tíì gba asẹ́ kọjá. Sítátà la fi ń yí ẹ́ńjìnì báyìí, a ò ní jẹ́ kó tan, títí abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì á fi gbéra.

Ẹ̀yin oní Honda End of Discussion, tiyín ṣe ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnì. Ẹ rọ ọ́ kún kí ẹ wò ó, inú apá aṣọ yín ni gbogbo rẹ̀ á gbà wọlé.

Ọmọ Gate (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin àgbà, mo gbọ́. Àmọ́ mélòó ni mo ti rọ kún, kò sí ẹ́ńjìnì kankan tó nọ́ọ̀kù.

Mẹ́kí Àgbà (Abẹ́òkúta)

N kò sọ pé á nọ́ọ̀kù, ọmọ mi. Mo ní èrè rẹ̀ kéré, ìdọ̀tí sì lè bá a wọlé.

Àǹtí, ẹ jẹ́ n bi yín ní ohun tó ká mi lára ju ìyẹn lọ. Ṣé rọ́bà fíltà àtijọ́ bá a jáde? Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Bí ọmọ yẹn bá dè tuntun lé e lórí, rọ́bà di méjì, á mú un dání fún ìgbà díẹ̀, á wá tú lójijì. Oníbàárà mi kan ṣe sáfíìsì ní ìdí ọ̀nà níbì kan, kí ó tó dé Ṣágámù, ọ́ìlì ti dà tán sójú títì. Ó rí iná pupa, ó ní kóun ṣì sún un délé. Ẹ́ńjìnì Camry náà ò tún tan mọ́. Ẹ wo abẹ́ mọ́tò yín, kí ẹ sì fa géèjì yọ wò, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì.

Àǹtí Tíṣà (Òṣogbo)

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá Mẹ́kí. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò mọ́jú, kò kán tóótó. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fa géèjì yọ, ọ́ìlì ti kọjá ààmì òkè. Ẹ rí i, kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin ni mo rà, ọmọ yẹn sì dà á tán pátápátá. Mo ti jẹ́ kí wọ́n fa èyí tó lé jáde.

Bàbá tiwa ti dé lánàá. Mo bi í pé ihò wo ló máa ń rọ ọ́ìlì sí. Ó wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, ta ló ń kọ́ yín ní mẹ́káníìkì?" Ó wá mú fíltà kan lórí tábìlì, ó ń yí ojú rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ iṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ mọ́tò.