Kíkọ́ Àwọn Tí Yóò Fi Èdè Sípáníìṣì Kọ́ Ọmọ: Ohun Tí Ojú Ń Rí ní Kíláàsì Yunifásítì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ ká ti Texas bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, tí ọmọ 20 tó ń sọ èdè kan náà, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn kò tíì dán, bá wà ní ìpele kíláàsì kan náà lábẹ́ àgbègbè ilé-ẹ̀kọ́ kan, òfin ní dandan ni kí wọ́n fi èdè méjèèjì kọ́ wọn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Sípáníìṣì ló sábà máa ń jẹ́. Ta ni yóò wá kọ́ wọn? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwa tí ń kọ́ olùkọ́ ní yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa gbọ́ Sípáníìṣì, òun ni èdè ìyá púpọ̀ nínú wọn. Sípáníìṣì ilé-ẹ̀kọ́ ni kò sí lẹ́nu rẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ láti kékeré. Ó lè bá ìyá àgbà rẹ̀ tàkúrọ̀sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ṣùgbọ́n ní kó fi Sípáníìṣì ṣàlàyé ìdí tí denominador (nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ìdá) fi gbọ́dọ̀ bára mu kí a tó ro ìdá méjì pọ̀, á máa wolẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́mọ ní London tàbí Houston mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ó gbọ́ "wá jẹun", kò lè ka ìwé ìròyìn Yorùbá.

Nítorí náà, ẹ má fi ìtàn òfin bẹ̀rẹ̀ sáà. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú 30 àti ojú ìwé kan. Kí wọ́n fọwọ́ kọ lẹ́tà sí òbí ọmọ kan nípa bí ọmọ náà ṣe ń kàwé. Kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, torí òun ni yóò bá wọn fi àmì sí i. Ẹ wá ka àṣìṣe sí ọ̀nà mẹ́rin: àmì orí ọ̀rọ̀, lẹ́tà (b àti v, s àti c àti z, h tí a kì í pè), ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti fà wọlé (aplicación dípò solicitud, librería dípò biblioteca), àti tú ("ìwọ") pẹ̀lú usted ("ẹ̀yin" tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan). Èyí tó bá pọ̀ jù ni kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lé.

Ọ̀rọ̀ tú àti usted yìí, Yorùbá ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dáadáa, "Le escribo para informarle", kó tó dé ìlà kẹta ó ti di "tu hijo". Ẹ gbọ́ ọ bí ẹni tó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ọmọ rẹ…" Ilé ló ti kọ́ tú, kò sì sí ẹni tó ní kó kọ lẹ́tà sí àgbà rí.

Ìdánwò èdè tí ìpínlẹ̀ Texas ń ṣe fún wọn ni BTLPT, nọ́ńbà 190. Máàkì 240 nínú 300 ni ẹni tó bá yege gbọ́dọ̀ ní. Gbígbọ́ àti kíkà kì í sábà dí wọn lọ́wọ́. Sísọ àti kíkọ ni ẹrù: lẹ́tà, ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àròkọ ni wọ́n ń kọ, ẹ̀rọ ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀, aago ń sáré. Ẹni tí kò tíì bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ rí á dákẹ́ lójijì. Kí wọ́n máa fi fóònù gba ohùn ara wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú méjì péré, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ojú ìwé yẹn ni yóò bá wọn wí ju olùkọ́ lọ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ àmì yẹn, torí òun ló ń gba àsìkò jù. Àmì tiwa ń sọ bóyá ohùn gòkè tàbí ó sọ̀ kalẹ̀. Tiwọn ń sọ sílébù tí a ó pè le. Òfin rẹ̀ kò gùn. Tó bá jẹ́ sílébù ìkẹyìn ló le, tí ọ̀rọ̀ sì parí sí fáwẹ̀lì, n tàbí s, fi àmì sí i: café, camión. Tó bá jẹ́ èyí tó ṣáájú ìkẹyìn, tí ọ̀rọ̀ kò sì parí sí ìwọ̀nyẹn, fi sí i: árbol, lápiz. Tó bá jẹ́ ẹ̀kẹta láti ẹ̀yìn, máa fi sí i ṣáá ni: página.

Wọ́n á há a sórí láàárín ọjọ́ kan, wọ́n á sì tún kọ camion lọ́la. Kì í ṣe òfin ni wọn ò mọ̀, wọn ò gbọ́ sílébù tó le ni. Kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń pe ọmọ láti òdìkejì títì. Sílébù tó bá fà gùn lẹ́nu wọn, òun náà ni: camióóón. Ẹ wá mú wọn dé ibi tí sísọ ọ̀kan di púpọ̀ ti ń yí àmì padà: camión ní àmì, camiones kò ní, examen kò ní, exámenes ní.

Àpèkọ ni oògùn rẹ̀, ìṣẹ́jú 10 ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ tó tó ọ̀rọ̀ 50 ni kí ẹ pè, ẹ má pe ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ìtumọ̀ ló ń fi él ("òun") hàn yàtọ̀ sí el ("the" ti Gẹ̀ẹ́sì), tú ("ìwọ") yàtọ̀ sí tu ("rẹ"). Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta: ní odindi, ní gbólóhùn kéékèèké, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n fi bírò àwọ̀ mìíràn tún un ṣe, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Àmì orí ñ náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Año ni ọdún. Ano ni ihò ìdí. Ọmọ tó kọ "tengo 7 anos" kò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ rárá. A ní irú rẹ̀ nílé: ẹ fi àmì òkè sórí o ìkẹyìn nínú "oko", kí ẹ wo bí kíláàsì yóò ṣe dàrú.

* * *

Èmi ń kọ̀wé láti California: ibi tí mo ti yà díẹ̀ sí ẹni tó kọ̀wé láti Texas ni ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fà wọlé. Ẹ má pè é ní àṣìṣe níwájú wọn. Ẹ fa ìlà méjì: ti ilé àti ti ìwé. Lonche nílé, almuerzo nínú ìwé (oúnjẹ ọ̀sán). Troca, camioneta (ọkọ̀ akẹ́rù kékeré). Parquear, estacionar (kí a páàkì ọkọ̀). Ọmọ tí wọ́n máa kọ́ lọ́la ń sọ troca. Olùkọ́ tí wọ́n ti kọ́ láti tijú ọ̀rọ̀ náà yóò dójú ti ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìbò ọdún 1998 (Proposition 227) fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kíláàsì elédè méjì rẹ́ níbí, ìbò 2016 (Proposition 58) ló tún ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn tó ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn la wá ń wá láti ṣe olùkọ́ báyìí. Púpọ̀ wọn kò rí kíláàsì tí wọ́n fi Sípáníìṣì kọ́ ọmọ ní kíkà rí.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì wá: káàdì ọ̀rọ̀ tí ọmọ á wò, tí á há sórí. Gẹ̀ẹ́sì nílò rẹ̀ torí "said" àti "was". Sípáníìṣì kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà la ń pè é. Fáwẹ̀lì márùn-ún ni wọ́n ní, a fi méjì jù wọ́n lọ. Fáwẹ̀lì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, lẹ́yìn náà m, p, s, l: ma me mi mo mu, títí ó fi di mapa, mesa, sopa. Ẹni tó fi ABD Yorùbá kọ́ ìwé mọ ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni sol àti mes, tó ní kọ́ńsónáǹtì lẹ́yìn. Ca, co, cu àti que, qui ni ẹ̀fọ́rí. Ga, go, gu àti gue, gui náà. Bra àti ple ló kẹ́yìn.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa aago pẹ̀lú. Wọ́n fẹ́ràn láti ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ kà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n fi òṣùwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì wọ̀n ọ́n. School, sílébù kan, escuela, mẹ́ta. Dog, kan, perro, méjì. Ọmọ tó ń kà dáadáa á dà bí ẹni tó ń fà sẹ́yìn.

* * *

Kúkúrú, lórí ìṣirò. Billón kì í ṣe billion: mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni. Mil millones ni billion ti Amẹ́ríkà. Ní Mexico, àmì ìdánudúró (.) ni wọ́n fi ń ya ìdá mẹ́wàá sọ́tọ̀. Ní Spain àti apá púpọ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà, kọ́mà ni. Pínpín pàápàá yàtọ̀: ọmọ tó ti Mexico wá lè yọkúrò nínú orí láìkọ ọ́ sílẹ̀. Olùkọ́ tí kò mọ̀ á ní kò ṣe iṣẹ́.

* * *

Àfikún kan lórí tíṣìn-pírátíìsì, ìyẹn àsìkò tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé. Wákàtí 600 ni California ń béèrè, ó sì rọrùn kí ìdajì rẹ̀ ṣòfò. Ilé-ẹ̀kọ́ á rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbọ́ Sípáníìṣì, wọ́n á sọ ọ́ di ògbufọ̀ ọ́fíìsì. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún béèrè irú ètò tó wà níbẹ̀: ní 90/10, kíndágátìn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Sípáníìṣì pátápátá, Gẹ̀ẹ́sì á sì máa pọ̀ sí i títí yóò fi di ìdajì-ìdajì ní kíláàsì gíga. Ẹni tó bá ṣe gbogbo tirẹ̀ ní kíláàsì karùn-ún kò tíì rí bí ọmọ ṣe ń kọ́ ma me mi. Ní Texas, ẹ béèrè èdè tí kíláàsì náà yóò fi ṣe STAAR, ìdánwò ìpínlẹ̀ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, torí wọ́n lè fi Sípáníìṣì ṣe é láti kíláàsì kẹta dé ìkarùn-ún. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ìdánwò tó kù oṣù méjì, wàá rí i pé Sípáníìṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lórí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́.