Èsì ẹ̀wà tí mo fi aṣọ wé

Ẹ̀yin èèyàn mi, èsì ti dé. Ohun tí mo bèèrè ni ọ̀nà tí ẹ̀wà olóyin fi lè jinná láìjẹ gbogbo gáàsì ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí n da omi yẹn nù, kí n gbé e kaná títí á fi hó dáadáa, kí n wá pa iná, kí n fi aṣọ òtútù wé ìkòkò pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àmọ́ nígbà tí mo tú aṣọ, ooru ṣì gbá mi lójú, èèpo ẹ̀wà sì ti ń là. Kò tíì rọ̀ tán o. Mo dá a padà sórí iná díẹ̀ kí n tó fi epo àti ata sí i. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ nínú aṣọ títí á fi tutù, torí ó máa kan.

Kánún náà mú un rọ̀ kíá, àmọ́ ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ. Ìyá ọkọ mi ò jẹ ẹ́.

Ti parasitamọ́ọ̀, oògùn ara ríro tí àwọn kan fi ń mú ẹ̀wà rọ̀, mi ò dán an wò, mi ò sì ní dán an wò. NAFDAC ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi se oúnjẹ, torí ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nílẹ̀ nìkan ló kù, aṣọ ò ràn án rárá. Ẹni tó bá mọ ohun tá a lè ṣe sí i yàtọ̀ sí kánún, mo ń retí yín.