Bàtà òkè yìnyín: kí n yá a níbẹ̀ ni, àbí kí n rà á?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà. Lóṣù Èrèlè, mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun òkè yìnyín lọ́dọ̀ olùkọ́ kan nítòsí òkè Ben Nevis, ní Skọ́tílándì. Wọ́n ní bàtà B2 ni kí n wọ̀, èyí tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le, kí crampon (irin eléyín tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ bàtà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀ lórí yìnyín) má baà yọ lẹ́sẹ̀ mi. Mo wá a títí nídìí òkìríkà l'Ógùnpa; bàtà sójà ni wọ́n ń nà sí mi. Mo ra ọ̀kan, mo fi gun òkè Adó-Àwáyè. Lórí àpáta, kò burú, àmọ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí: ṣé bàtà tí wọ́n ń yáni níbẹ̀ máa ń gba ẹsẹ̀ fífẹ̀ bíi tèmi, àbí kí n ra tuntun, kí n ti máa wọ̀ ọ́ kiri Bódìjà kó lè mọ́ mi lẹ́sẹ̀?