Ọmọ kan bá mi yan fírísà, ẹlòmíràn ló jẹ èrè rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì.

Mo fẹ́ ra fírísà tí n óò máa fi ta omi tútù àti sóbò. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágere, ní Ifẹ̀ níbí, ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn. Ọmọ náà ṣe wàhálà! Ó ṣí fírísà márùn-ún fún mi. Ó ní èyí ń jẹ iná jù, ó ní tọ̀hún ló máa di yìnyín mú bí NEPA bá mú iná lọ. Ó tún fi tépù wọ̀n ọ́n nígbà tí mo ní ẹnu ọ̀nà mi há. Ó tó wákàtí kan àbọ̀. Mo ní kí n lọ kó àjọ mi, n óò padà wá.

Nígbà tí mo padà lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti lọ kírun Jímọ̀. Ọkùnrin kan bi mí pé kí ni mo fẹ́, mo nawọ́ sí fírísà, ó kọ rìsíìtì, mo sanwó. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí a ṣe ń gbé e sínú kòròpe ni ọmọbìnrin yẹn dé. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó, mà." Ojú rẹ̀ ti yí padà. Onímọ́tò ló là á yé mi lọ́nà pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà lórí rìsíìtì ni wọ́n ń yọ kọmíṣọ̀n fún, ìyẹn owó díẹ̀ lórí ọjà tí wọ́n bá tà.

Èmi ò mọ̀ o! Ṣé kí n lọ fún un ní nǹkan ni, àbí kí n bá mánijà sọ̀rọ̀? Mo ṣì fẹ́ ra sítóòfù gáàsì níbẹ̀.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
Màmá, ẹ máa sùn jẹ́ẹ́. Ẹ wá ra ọjà, ẹ sanwó. Bí ọ̀gá wọn ṣe ń pín owó, ọ̀rọ̀ inú ilé wọn nìyẹn. Kí ló kàn yín?

Mo Tà Á Rí
Ó kàn wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ta fóònù ní Sabo. Owó oṣù wa kò ju owó ọkọ̀ lọ, kọmíṣọ̀n la fi ń jẹun. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2019, èyí tí wọ́n gbé dé ₦70,000 ní 2024, yọ ibi tí wọ́n ti ń fi kọmíṣọ̀n sanwó sílẹ̀. Ó tún yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá pé 25 sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mélòó ní Ifẹ̀ ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ọjọ́ tí o ò bá tà, ìdúró lásán lo dúró láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹni tó ń ná ọjà kò ṣẹ̀ wá o. Ṣé ọjà wà tí a kì í ná ni? Ẹni tó ń dùn wá ni ẹni tó ti mọ̀ láti ilé pé òun ò ní rà. Á ní kí o tú páálí mẹ́fà, á ya fọ́tò, á lọ rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀, bó bá sọ pé, "Mò ń wò ni o, owó ò tíì sí, lọ dá ẹni yẹn lóhùn," a ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Tuntun
Ọmọ iṣẹ́ méjì ló wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ má lọ fẹjọ́ ọkùnrin yẹn sùn, kò jí nǹkan, ẹ̀yin lẹ nawọ́. Ẹ kàn sọ fún ọ̀gá wọn pé, "Ọmọ yín yìí ló bá mi yan ọjà, òun ló jẹ́ kí n padà wá." Ọ̀gá tó bá ní làákàyè á pín in fún àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ tètè lọ, kí wọ́n tó ṣírò owó oṣù.

Arẹwà Ìlódẹ
Èmi dá ẹ̀rọ ìlọta padà nítorí kò ṣiṣẹ́, ọmọ tó tà á fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?

Mo Tà Á Rí
Rárá o. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó bàjẹ́ padà. Wọ́n á yọ kọmíṣọ̀n rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọmọ náà ni, ohun tó ń pa á lẹ́kún nìyẹn. Kò kàn ọ́. Èyí tí kò dáa ni ti ẹni tó ra ẹ̀rọ ńlá tó ń pariwo, tó fi ṣe òkú lọ́jọ́ Sátidé, tó wá gbé e padà ní Mọ́ńdè pé "kò dún dáadáa". Gbogbo Mọ́rẹ̀ sì gbọ́ ọ!

Ìyá Oní-fírísà (ẹni tó béèrè)
Mo lọ lónìí. Ọ̀gá ní wọ́n ti kọ ti ọjọ́ Ẹtì sílẹ̀, kò lè yí i padà, àmọ́ òun gbọ́. Mo fẹ́ fún ọmọ náà ní ₦2,000, kò gbà. Ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà." Ó wá kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa pe òun kí n tó jáde nílé, pé òun kì í wá ní Wẹ́sìdeè. Sítóòfù di Tọ́sìdeè o.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta
Màmá, ẹ júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún mi níkọ̀kọ̀. Fáànù ilé wa ti kú.