Òjò pa àkẹtẹ̀ felt mi, ẹ gbà mí o!

Ọmọ Àkọ́bí
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, òjò pa àkẹtẹ̀ mi, ó rin gbingbin. Felt ni, èyí tí wọ́n fi irun ẹran tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra ṣe. Ọ̀la ni mo fẹ́ dé e jáde, mi ò sì ní òmíràn. Kí ni mo lè ṣe tó fi máa tètè gbẹ, tí kò ní bàjẹ́? Àbí kí n gbé e fún alágbàfọ̀? Ẹ tètè dá mi lóhùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀ báyìí.

Màmá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má gbé e sún mọ́ iná, má sá a sóòrùn, má sì fi dráyà tí wọ́n fi ń gbẹ irun orí kàn án. Gbọn omi ara rẹ̀ dànù, kí o fi táwẹ̀lì tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Títẹ̀ ni o, kì í ṣe nínù. Wo inú rẹ̀, wàá rí ọ̀já awọ tó máa ń kan iwájú orí. Yí i síta yípo, kí àkẹtẹ̀ náà dúró lórí ọ̀já yẹn lórí tábìlì, kí etí rẹ̀ má kan nǹkan kan. Bí o bá fi etí rẹ̀ lélẹ̀ nígbà tó tutù, á tẹ́ pẹrẹsẹ, bó bá sì gbẹ tán, bẹ́ẹ̀ ló máa wà.

Aránṣọ Àgbà
Felt wo ni? Ti irun àgùntàn àbí ti irun ehoro? Ti irun àgùntàn ló máa ń súnkì jù. Kí ni àwọ̀ rẹ̀?

Káyọ̀dé_T
Alágbàfọ̀ kẹ̀! Má dán an wò láéláé! Mo gbé tèmi fún wọn rí, dúdú, ti irun ehoro, etí rẹ̀ le dáadáa. Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi mú kó gbẹ ni. Nígbà tí mo lọ gbà á, wọ́n ti tì í bọ inú ẹ̀rọ gbígbóná tí wọ́n fi ń mú aṣọ gbẹ. Àkẹtẹ̀ tó wọ̀ mí geerege tẹ́lẹ̀, kò lè kọjá òkè etí mi mọ́. Awọ inú rẹ̀ ká kò, ó gan bí èèpo igi, ó sì fa felt náà wọnú yíká. Mo béèrè, wọ́n ní bí mo ṣe gbé e wá nìyẹn. Ojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́!

Bísí Aláṣọ
Áà! Ṣé wọn ò fún yín ní ìwé nígbà tí ẹ gbé e fún wọn ni?

Káyọ̀dé_T
Wọ́n fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé ohun tó bá súnkì kò kan àwọn.

Bísí Aláṣọ
Ìwà ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ sọ tiyín.

Afọṣọmọ́
Ẹ má bú gbogbo wa pọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò jẹ́ ti felt bọ ẹ̀rọ. Felt kì í ṣe aṣọ híhun. Irun ni, tí omi, ooru àti títẹ̀ mú kó lọ́ mọ́ra títí tó fi di odidi. Bí ẹ bá tún wá fún un ní omi, ooru àti yíyí, ńṣe lá máa lọ́ mọ́ra sí i. Ìdí tí ti Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé fi kéré nìyẹn. Omi òjò kọ́ ló bà á jẹ́, ooru ni. Àwọn tó ń ṣe fìlà ní igi tí wọ́n gbẹ́ bí orí, tí wọ́n fi ń tún irú rẹ̀ nà. Àwọn ni kí ẹ wá.

Káyọ̀dé_T
Kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi?

Ṣadé Ọ̀ṣọ́
Dráyà kò burú o, bí ẹ bá yí i sí atẹ́gùn tútù. Bẹ́ẹ̀ lèmi ń ṣe, tèmi ò súnkì. Kí ó sì ki ìwé ìròyìn sí i nínú, kó lè fa omi.

Màmá Ìbejì
Ṣadé, ẹni tí ojú ń kán bí eléyìí, bí kò bá tètè gbẹ, á yí i sí gbígbóná. Fáànù tó. Ìwé ìròyìn kẹ̀? Tàdáwà rẹ̀ á ràn mọ́ ọn lára! Ìwé funfun tí a ò kọ nǹkan sí ni kí ó lò.

Dàpọ̀ Oníwé
Òólá ni ẹ ṣọ́ra fún jù. Ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ irun, kì í ṣe èyí tó ń fò. Ibi tí òógùn àti eruku bá wà ló fẹ́ràn. Ẹ gbọn àkẹtẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e sápótí.

Bísí Aláṣọ
Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, kò béèrè ìyẹn o. Ó ṣì ń kán omi.

Aránṣọ Àgbà
Kò dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan gbogbo wọn. Ìgbà tó ṣì rin díẹ̀ ni kí o tún un tò. Fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ kòtò àtàrí rẹ̀ padà, kí o fi àtẹ́lẹwọ́ tún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó wọnú níwájú ṣe. Má fi ìka méjì fún un, ojú ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ là. Di etí rẹ̀ mú, kí o máa yí i lọ díẹ̀díẹ̀, kí o tẹ iwájú wálẹ̀, kí o ká ẹ̀yìn sókè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko ó kéré tán, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gbẹ tán, fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọ̀n ọ́n yípo, ní òdìkejì bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Má fi búrọ́ọ̀ṣì àkẹtẹ̀ dúdú kan èyí tó funfun. Bí àmì omi bá ṣì hàn, gbé e gba orí èéfín omi tó ń hó nínú kẹ́tù kọjá, kí o tún gbọ̀n ọ́n.

Ṣadé Ọ̀ṣọ́
Ẹ ní ooru kò dáa, ẹ tún ní èéfín kẹ́tù. Èwo ni ká mú?

Aránṣọ Àgbà
Èéfín máa ń mú felt rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru gbígbẹ ń mú un gan. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ẹnu kẹ́tù, ẹ má dúró lójú kan, ẹ má sì jẹ́ kó kan awọ inú.

Ọmọ Àkọ́bí
Ẹ ṣeun gan-an. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ló ni ín kó tó kàn mí, mi ò mọ irun tí wọ́n fi ṣe é. Mi ò lè yí awọ inú rẹ̀ síta, òwú tí wọ́n fi rán an ti gbó, ẹ̀rù ń bà mí kó má já. Mo ti fi àtàrí rẹ̀ sọlẹ̀ lórí táwẹ̀lì, mo tan fáànù sí i. Mi ò ní dúró di ọjọ́ kan gbáko. Bó bá ṣì rin díẹ̀ láàárọ̀, màá dé e bẹ́ẹ̀.

Káyọ̀dé_T
Ó ṣáà dáa tí o ò gbé e fún wọn.

Aránṣọ Àgbà
Bó bá rin díẹ̀ tí o dé e, kò burú. Awọ náà á gbẹ mọ́ ìwọ̀n orí rẹ. Àmọ́ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Màmá Ìbejì
Bí o bá sì padà dé, má tì í bọ àpótí kó tó gbẹ dénú, á bu.