Ọkọ àbúrò mi tí kì í ya fọ́tò

Mo ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa àwọn tó lọ́wọ́ nínú ikú èèyàn, tí wọ́n wá sá lọ bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun ní ìlú mìíràn. Ti wa kì í ṣe àgbọ́sọ. Ọkọ àbúrò mi ni. Gáà Àkànbí ní Ìlọrin níbí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, iwájú ilé bàbá wa ni wọ́n sì ti so yìgì wọn. Mo rí i tí àwọn kan ń kọ ọ́ pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń hàn lójú. Rárá o. Ti wa kò hàn.

Jórinjórin ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní Èkó ni òun ti wá, pé Ìgbómìnà ni bàbá òun, pé òbí òun méjèèjì ti kú. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ gan-an, kì í sì í gba owó oníbàárà kó di àwátì. Bí ìyá arúgbó bá gbé àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá wá, á jó o fún un láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí àwọn adigunjalè ya wọ àwọn báńkì Ọ̀fà ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2018, tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ èèyàn, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà nínú wọn, gbogbo ilé ló fẹ́ irin sí ojú fèrèsé. Òun ló ṣe èyí tó pọ̀ jù ní àdúgbò wa. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan tí àwọn oníbàárà jókòó tí wọ́n ń ṣépè fún àwọn apànìyàn, ọ̀gá àwọn gbé irin sílẹ̀, ó jáde, kò sì padà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó wá fẹ́ àbúrò mi, Bàbá wa kékeré nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ló bí ọ? Ní agboolé wo? Ẹ jẹ́ ká rán èèyàn lọ síbẹ̀." Wọ́n ní kí ó má dí oore lọ́nà. Ọkùnrin tí kì í pa ìrun jẹ, tó ka sàdáàkì sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá? Lọ́jọ́ yìgì, àgbà ọkùnrin méjì jókòó bí ẹbí ọkọ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ la tó mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ ni àwọn méjèèjì. Inú mi kò tíì rọ̀ lórí èyí. Ìwádìí ni àwọn baba wa fi ń ṣáájú ìdána, ọmọbìnrin ni wọ́n sì fi ń dáàbò bò. Nígbà tí wọ́n pa ìwádìí tì nítorí owó àti ìrun, àbúrò mi gan-an ni wọ́n pa tì.

Kì í ya fọ́tò. Bí onífọ́tò bá ti yọ níbi ìsọmọlórúkọ, ó ti lọ wo jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. A rò pé ojú ló ń tì í. Kò ní àkáǹtì, nítorí báńkì yóò béèrè BVN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ti báńkì, BVN sì ń gba ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú. Ní ìparí 2020 tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn so nọ́ḿbà fóònù wọn mọ́ NIN, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ó ní òun yóò lọ, kò lọ. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2022 tí wọ́n dí àwọn ìlà tí kò ní NIN, fóònù ìyàwó rẹ̀ ló kù tó ń lò. Ṣùgbọ́n ìgbà ìyípadà owó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni àbúrò mi fura gidi. Ẹ rántí bí ojú ṣe rí màbo nígbà náà, tí èèyàn ń jí lọ tò sí ẹnu báńkì láti fi igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún àtijọ́ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fa àpò ìrẹsì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Owó ló kún inú rẹ̀, gbogbo làálàá rẹ̀, ó ní kó bá òun san án sí àkáǹtì tirẹ̀. Àbúrò mi ní, "Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ ò lè wọ báńkì?" Ó ní òun yóò sọ fún un lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ náà kò pé. Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ kẹta lórúkọ, àwọn ẹbí pe olórin sẹ́nwelé. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn ní Ìlọrin: ó ki bàbá ọmọ, ó ki iṣẹ́ rẹ̀, ó dárúkọ àdúgbò. Ọmọ kan sì ti gbé gbogbo rẹ̀ sí Facebook. Fídíò yẹn rìn dé Múṣín ní Èkó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wá. Ó dúró sí òdìkejì títì títí iná jórin fi kú, ó wá pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ rí. Ọkọ àbúrò mi ṣí ìbòjú, ó wò ó títí, ó ní, "Ta ló bí ọ?" Ọmọ náà dárúkọ bàbá rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án o, ọlọ́pàá ló lọ pè. Ọkọ àbúrò mi kò sá. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ pe ìyàwó òun wá.

Ní tẹ́ṣàn ni àbúrò mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ìta ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, owó gáréèjì ni wọ́n ń jà sí, ọkùnrin kan sì kú níbi ìjà náà. Ó ní, "Mi ò ní parọ́ fún ọ mọ́. Mo wà níbẹ̀, àdá sì wà lọ́wọ́ mi."

Mo bá àbúrò mi lọ sí kóòtù ní Ìkẹjà. Ìyá ẹni tó kú wá bá wa níta. Mo ti múra sílẹ̀ pé èpè ni yóò ṣẹ́. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn àbúrò mi, ó ní, "Mélòó lẹ bí fún un?" Àbúrò mi ní mẹ́ta, Mà. Obìnrin náà ní, "Èyí tó wá sí ọ̀dọ̀ yín yẹn, ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n pa bàbá rẹ̀. Èmi ni mo tọ́ ọ. Mo ń pe orúkọ ọkọ rẹ sí i létí kó má baà gbàgbé." Àbúrò mi kúnlẹ̀. Ìyá náà kò gbé e dìde, kò sì tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti yí padà kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ti ìyá yẹn. Òótọ́ ni pé ó yí padà, èmi fúnra mi lè jẹ́rìí rẹ̀ níbikíbi. Ṣùgbọ́n ilé wa ló ti yí padà, a ò rí ẹni tó lọ sọ fún wọn ní Múṣín. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń sọ pé kò sí ìyàwó tí kò mọ̀, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi kò mọ̀.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Kíríkìrì ló wà báyìí. Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba Èkó ń fún aláìní ló ń gbèjà rẹ̀. Ó ti ṣàlàyé fún wa pé kò sí iye ọdún tí ẹ̀sùn ìpànìyàn fi ń kú nínú òfin wa, àti pé ìjìyà ikú ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń mú nǹkan wá fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ Jímọ̀. Àbúrò mi fẹ́ máa yọ díẹ̀ níbẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá yẹn. Lọ́yà ní kó ṣì ní sùúrù, kí wọ́n má baà pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe irú rẹ̀ láìba ẹjọ́ jẹ́, ẹ bá mi kọ ọ́ síbí.